Ọlidé tí Kò Dé Gbọ̀ngàn Ìdánwò

Mo rántí ìgbà tí inú mi máa ń dùn sí ọlidé ju inú ẹni tó ni ọdún lọ. Tíṣà èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní iléèwé girama kan n'Ílobù, mo sì ti gbà lọ́kàn mi pé nínú gbogbo ohun tí ìjọba ìpínlẹ̀ lè ṣe fún ọmọ aráyé, ọlidé ni ó mọ̀ ọ́n ṣe jù. Títì lè dúró de ọdún mìíràn, omi ẹ̀rọ lè gbẹ kó di ìtàn, ṣùgbọ́n ní ti ọlidé, kíákíá ni. Ilé Kìrìsìtẹ́nì ni wọ́n bí mi sí, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, síbẹ̀ tí ọdún Hijira bá ti ń sún mọ́lé, tó di pé àwọn Mùsùlùmí ń retí oṣù tuntun, kò sí lẹ́mọ́mù kan tó ń wo ojú ọ̀run tó mi. Ìyàtọ̀ àwa méjèèjì ni pé òun ń wá oṣù, èmi ń wá oorun.

Bí wọ́n ṣe máa ń kéde rẹ̀ gan-an ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Rédíò á kọ́kọ́ kọrin, olùkéde á wá fi ohùn ẹni tó fẹ́ pín ogún olówó sọ pé gómìnà, nínú àánú rẹ̀, ti ya ọ̀la sọ́tọ̀ fún ọdún tuntun àwọn Mùsùlùmí, pé gbogbo iléeṣẹ́ ìjọba àti gbogbo iléèwé yóò wà ní títì, kí àwọn ènìyàn lè fi ọjọ́ náà ronú jinlẹ̀. Èmi a sì máa ronú jinlẹ̀ lóòótọ́, lórí ìrọ̀rí. Nínú yàrá àwọn tíṣà, mo ti sọ ọ́ sétí gbogbo wọn pé ìpínlẹ̀ tó ń fún wa lọ́lidé Kérésì, tó ń fún wa ní ti Iléyá, tó ń fún wa ní ti Hijira, tó tún wá fi ti ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe lé e, kò ní pẹ́ wá ọlidé kan fún àwọn tí kò gba nǹkan kan gbọ́, kó má baà dà bí ẹni pé a yan àwọn yẹn jẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì gbà pé mo gbọ́n. Ẹni tó bá ti kàwé Gẹ̀ẹ́sì jáde ní yunifásítì máa ń rò pé Ọlọ́run fi ẹ̀rín ayé sí abẹ́ ahọ́n òun nìkan.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ìyàwó ilé kan wà láàárín àwọn ọmọ kíláàsì àṣekágbá mi. Ọmọ Ìfọ́n ni, Ìfọ́n náà ló ti lọ́kọ, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wa n'Ílobù ló ti bẹ̀rẹ̀ ìwé nígbà tí ọ̀nà ṣì dán. Ó lóyún, ó lọ́kọ, ìwé dúró. Ọmọ rẹ̀ ti ń sáré kiri ilé nígbà tó padà wá bá mi pé nọ́ọ̀sì lòun fẹ́ ṣe. Gbogbo iṣẹ́ ìwé tó kù ló ti yege nínú wọn, àní títí kan ìṣirò tó ń lé àwọn ọkùnrin jáde ní kíláàsì. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kò gbà fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti jókòó kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ọ̀rọ̀ náà kàn ti sú u ni. Ó ti sọ fún un níwájú mi pé tọ̀tẹ̀ yìí ni àṣemọ: bí Gẹ̀ẹ́sì bá tún kọ̀, kó lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ, kí ilé lè sinmi. Ìyàwó náà kò bá a jiyàn. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jí lóru sí ìwé bí ẹni jí sí sààrì. Ohun kan ṣoṣo mìíràn tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni ohùn rẹ̀. Òun ló ń ṣaájú orin nínú ẹgbẹ́ àsàlátù, ẹgbẹ́ àdúrà àwọn obìnrin Mùsùlùmí, tí ìyá ọkọ rẹ̀ jẹ́ olórí fún n'Ífọ́n.

Ìlobù àti Ìfọ́n sún mọ́ra débi pé àkùkọ ìlú kan lè jí ìlú kejì. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti wà láàárín wọn kí wọ́n tó bí bàbá mi. Èmi kì í ṣe ọmọ ibẹ̀, n kò sì ní jókòó síhìn-ín kí n máa pín ẹ̀bi bí ẹni ń pín ẹran Iléyá. Ìjà ò dọlà, orúkọ ló ń sọ ni. Ohun tí èmi mọ̀ ni pé bí ìjà bá ti dé tó sì lọ, àṣà àwọn ọlọ́kadà ló máa ń kù sílẹ̀. Ọlọ́kadà Ìlobù á gbé ọ dé ibi tí àwọn sọ́jà tí ìjọba fi ṣọ́ ọ̀nà wà, á ní kó o sọ̀kalẹ̀. Ọlọ́kadà Ìfọ́n á máa dúró dè ọ́ lápá kejì, lọ́dọ̀ àwọn sọ́jà mìíràn. Ibi tó wà láàárín, ẹsẹ̀ rẹ ni yóò gbé ọ kọjá rẹ̀, láàárín ògiri ilé tó ti jóná àti koríko tó ga ju ènìyàn lọ. Ìyàwó yìí kì í gba ibẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ gbà fún un. Bọ́ọ̀sì kan ló máa ń wọ̀, èyí tó ń gba àárín àwọn abúlé oko yípo yípo, tó máa já sí ìlú Ẹ̀rìn kó tó wá kọrí sí Ìlobù, bí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ ọ̀tún kan etí ọ̀tún tó wá gba ẹ̀yìn ọrùn. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀, kò pẹ́ dé iléèwé rí. Àwọn ọmọ tí ilé wọn wà lẹ́yìn iléèwé ló máa ń pẹ́ dé.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n fi ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì sí. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú, rédíò kọrin, olùkéde sọ̀rọ̀, ọlidé sì balẹ̀. Kí wọ́n tó ka ìkéde náà tán, ariwo ti sọ ládùúgbò. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé wọ́n ti sún ìdánwò síwájú, kò sì sẹ́ni tó béèrè. Pirinsípà wa, tó máa ń béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ewúrẹ́ tó bá wọ ọgbà iléèwé, kò béèrè. Gbogbo wa, àtàwọn tó kàwé àtàwọn tí kò kà, gbà pé ohun tí gómìnà bá ti tì, ó tì nìyẹn. Ṣebí wọ́n ní gbogbo iléèwé. Mo sùn bí ọba.

Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń gbá tí mo fi jí. Ẹ̀yìn ọgbà iléèwé ni mò ń gbé, èmi sì ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Obìnrin tínínrín kan tó ń mójútó ìdánwò ló dúró níwájú mi, ọlọ́pàá kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó gbá àpò ìwé ìdánwò tí wọ́n dì pa mọ́ àyà bí ọmọ ọwọ́. Ó kí mi, ó wá béèrè ibi tí àwọn ọmọ wà. Mo ní ọlidé ni lónìí.

"Ta ló fún yín?"

"Gómìnà ni, mà."

"Gómìnà ló ni ìdánwò?"

Ó fi ọwọ́ lu àpò náà díẹ̀díẹ̀. "Tíṣà, ìjọba Ọ̀ṣun ló fún yín lọ́lidé. Iṣẹ́ Àbújá ni wọ́n rán èmi. Mi ò mọ̀ bóyá àwọn méjèèjì ń bára wọn sọ̀rọ̀. Aago mẹ́wàá la máa bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti fi ìdajì wákàtí kọjá rẹ̀, mo máa tilẹ̀kùn, ọmọ gómìnà gan-an ò ní wọlé."

Bí mo ṣe sáré lọ bá pirinsípà, bí òun náà ṣe jáde pẹ̀lú ẹ̀wù tó fi sùn, kò yẹ ní kíkọ sínú ìwé tí àwọn ọmọdé lè rí kà. Ẹni tó gbà wá ni lẹ́mọ́mù àdúgbò. Ó ṣí ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí nígbà tí kì í ṣe àkókò ìrun, ó kí gbogbo ènìyàn kú ọdún, ó wá ní kí gbogbo ọmọ tó ń ṣe ìdánwò nu ẹ̀wà ọdún kúrò lẹ́nu, kó máa bọ̀ ní iléèwé kíákíá. Wọ́n dé lóòótọ́, àwọn kan pẹ̀lú làálì lọ́wọ́, àwọn kan pẹ̀lú fìlà tuntun. Nígbà tí pirinsípà ka orí wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló kù: ìyàwó tó wà n'Ífọ́n. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Lẹ́mọ́mù kò sì lè fi gbohùngbohùn Ìlobù pe ẹni tó wà n'Ífọ́n, nítorí bí ó bá pariwo tó bẹ́ẹ̀, àwọn kan lè rò pé ogun ló tún dé.

Wọ́n wo ojú mi. Mo lóye ohun tí wọ́n ń wò. Èmi nìkan ni kì í ṣe ọmọ Ìlobù nínú wa. Ọlọ́kadà gbé mi dé ibi tí àwọn sọ́jà wà, ó sọ mí kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá rìn láàárín koríko. Mo ti pinnu pé bí ẹnikẹ́ni bá dá mi dúró, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé ni n óò sọ, kó lè yé wọn pé ilẹ̀ mìíràn ni mo ti wá, pé ilẹ̀ tiwa kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Alángbá kan sáré kọjá, mo kí i ní Ìjẹ̀ṣà.

Nígbà tí mo dé ilé ìyá ọkọ rẹ̀, àgbàlá kún fún àwọn obìnrin tó wọ aṣọ funfun. Ọdún Hijira kì í ṣe ọjọ́ oorun lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyí. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń rìn yí ìlú po pẹ̀lú orin, kí wọ́n tó péjọ sí pápá. Lọ́dún yẹn, aṣojú gómìnà fúnra rẹ̀ ló ń bọ̀ ní pápá. Wọ́n ti ta àtíbàbà, wọ́n ti to àga onírọ̀rí síwájú fún àwọn tí ìdí wọn jẹ́ ti ìjọba. Bọ́ọ̀sì abúlé tí ìyàwó náà ì bá wọ̀, wọ́n ti háyà rẹ̀ láti fi lọ kó èrò wá láti oko, kí pápá má baà ṣófo lójú àlejò. Ìyàwó náà ló máa kọ orin tí wọ́n máa fi pàdé aṣojú. Ó dúró láàárín wọn, ó ń dá orin náà, àwọn yòókù ń gbè é.

Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè. Orin já lẹ́nu rẹ̀. Mo sọ fún un pé ìdánwò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, pé ọlidé kò kàn án. Ó jókòó sílẹ̀ nínú erùpẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀. Kò wò mí mọ́, ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

Ó yẹ kí n sọ irú ẹni tí ìyá náà jẹ́. Oko ẹ̀gẹ́ ló fi tọ́ ọmọ, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí awọ. Òun kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, àwọn ọkùnrin ilé á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ìlobù ni wọ́n bí i sí. Ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún n'ílé ọkọ n'Ífọ́n, ó sì máa ń lọ sílé bàbá rẹ̀ bó ṣe wù ú, títí ìjà tó kẹ́yìn fi dé. Láti ìgbà náà, kò tíì fi ẹsẹ̀ kan ibẹ̀. Àwọn kan n'Ífọ́n ń wò ó bí ọmọ Ìlobù, àwọn kan n'Ílobù ń wò ó bí ìyàwó Ìfọ́n. Ó ń jẹun láàárín wọn láìsọ nǹkan kan.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu láti ọ̀nà, ọ̀rọ̀ ńláńlá nípa ẹ̀kọ́ obìnrin àti ọjọ́ ọ̀la orílẹ̀-èdè, irú èyí tí mo fi gba máàkì ní yunifásítì. Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ó béèrè bóyá ìdánwò yìí ni èyí tó kù fún ìyàwó rẹ̀. Mo ní òun ni. Ó béèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí kò bá kọ ọ́ lónìí. Mo wo ọkọ ìyàwó, tó dúró lẹ́bàá ògiri. Ọkọ ìyàwó wo ojú ọ̀run. Ìyá náà wo àwa méjèèjì, ó sì ti gbọ́ èsì rẹ̀.

Akọ̀wé ìgbìmọ̀ ọdún ló sọ̀rọ̀, bàbá kan tó ti wọ agbádá tó ń pariwo fúnra rẹ̀, tó di ètò ìpàdé tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ mú bí ẹni di ìwé ìrìnnà mú. Ó ní òun bọ̀wọ̀ fún ìwé o, ìwé lòun náà kà, ṣùgbọ́n aṣojú gómìnà ti wà lójú ọ̀nà, orúkọ ìyàwó ti wà nínú ètò, ta ló máa wá kọrin?

"Ṣé nítorí ìdánwò ọmọ kan la máa ṣe jẹ́ kí aṣojú gómìnà máa wo àtíbàbà, Ìyá?"

"Láti ìgbà tó ti débi ipò ló ti ń gbọ́ orin," ni ìyá náà wí. "Ẹ jẹ́ kó sinmi lónìí. Ṣebí wọ́n ní ọlidé ni."

Àwọn obìnrin fi hìjáàbù bo ẹnu. Ṣùgbọ́n ọkọ ìyàwó kò rẹ́rìn-ín. Ó sún mọ́ ìyá rẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ pé kì í ṣe pé òun fẹ́ dí i lọ́wọ́. Bọ́ọ̀sì kò sí. Ọlọ́kadà wọn kò ní kọjá ọ̀dọ̀ sọ́jà. Ṣé kí òun wá fi ẹsẹ̀ ara òun rin ìyàwó òun wọ àárín koríko yẹn? Ìgbà yẹn ló yé mi pé ìbẹ̀rù ni ohun tí mo ti ń pè ní agídí láti ọjọ́ yìí wá. Ọkùnrin náà ti rí nǹkan lójú ọ̀nà yẹn nígbà ìjà. Kò sọ ohun tó rí, kò sì sẹ́ni tó bi í.

Ìyá náà wo ojú òrùn, ó wo ẹsẹ̀ àwọn obìnrin rẹ̀. "Rírìn náà la fẹ́ rìn tẹ́lẹ̀," ló wí. "Èyí tá a fẹ́ rìn yí ìlú po, ẹ jẹ́ ká rìn ín dé Ìlobù. Ká sin ìyàwó mi lọ."

Obìnrin kan láti ẹ̀yìn béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́: "Ìlobù kẹ̀, Ìyá?"

"Èmi ni máa ṣíwájú. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ ṣe, èmi ló máa kọ́kọ́ bá."

Ó gba ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó gbé e dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò lára aṣọ rẹ̀ bí ẹni gbọn ọmọ kékeré. Ó ṣí ẹsẹ̀. Fún ìgbà díẹ̀, òun, ìyàwó rẹ̀ àti èmi nìkan ló wà lójú ọ̀nà, mo sì ń rò ó pé wọ́n ti fi àwa nìkan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi, ẹsẹ̀ púpọ̀, àti orin. Mo bojú wẹ̀yìn, títì ti funfun. Ọkọ ìyàwó wà lẹ́yìn pátápátá, ó gbé ọmọ wọn lé èjìká. Akọ̀wé dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú ètò rẹ̀.

N kò ì tíì rí ìrìn bí irú rẹ̀. Mo ti máa ń rò pé àwọn tó ń rìn lọ́jọ́ ọdún ń rìn kí a lè rí wọn ni, mo sì ti sọ bẹ́ẹ̀ lórí àga mi ní yàrá tíṣà. Àwọn wọ̀nyí rìn bí ẹni tó ní ibi tó ń lọ. Àwọn arúgbó wà nínú wọn tí orúnkún wọn ń dún, bàtà ọdún ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀, àwọn kan bọ́ ọ sọ́wọ́. Èmi, ní tèmi, ronú pé iṣẹ́ mi ti dé. Mo rìn súnmọ́ ìyàwó náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rán an létí bí wọ́n ṣe ń to ìbẹ̀rẹ̀ àròkọ àti bí wọ́n ṣe ń kọ lẹ́tà sí ọ̀gá iléèwé. Ìyá náà kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

"Tíṣà," ló wí, "ẹ jẹ́ kó mí."

Ẹ̀kọ́ nípa bí a ṣe ń kọ́ni tí mo gbọ́ lọ́jọ́ náà kò sí nínú ìwé kankan tí mo kà.

Nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ àwọn sọ́jà apá Ìfọ́n, orin lọ sílẹ̀. Ọmọ kékeré kan ni sọ́jà tó jáde, ọmọ ibòmíràn, Yorùbá rẹ̀ ń kọsẹ̀. Ó béèrè ibi tí èrò ń lọ. Ìyá náà fi ìka tọ́ka sí ìyàwó rẹ̀, ó ní ìdánwò ló ń lọ. Sọ́jà ní gbogbo wọn? Ó ní òun nìkan ló máa kọ ọ́, àwọn yòókù kàn ń sìn ín ni. Ọmọ náà wo títì funfun náà títí ibi tí ojú rẹ̀ lè dé. Bóyá òun náà ti kùnà Gẹ̀ẹ́sì rí. Ó gbé igi kúrò lójú ọ̀nà.

A wọ àárín koríko. Kò sẹ́ni tó kọrin níbẹ̀. Mo gbọ́ tí obìnrin kan lẹ́yìn mi ń dárúkọ Ọlọ́run lábẹ́ ẹnu, tí ẹlòmíràn sì ń tọ́ka sí ògiri kan tó ti dúdú, tó ń sọ ẹni tó máa ń dín àkàrà níwájú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà la rí àwọn ọlọ́kadà Ìlobù. Wọ́n jókòó sórí ọ̀kadà wọn lábẹ́ igi. Bí wọ́n ṣe rí wa, wọ́n dìde. Gbogbo wọn ló dìde. Àwa náà dúró. Mo rántí pé mo gbàgbé gbogbo Ìjẹ̀ṣà tí mo mọ̀.

Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, rìn wá síwájú. Ó wo ìyá náà. Ó yọ akoto orí rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ọ̀dà gbígbóná.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "ẹ ti pẹ́ lóko."

Ọmọ ilé bàbá rẹ̀ ni. Ìyá náà ló pọ̀n ọ́n dàgbà kó tó lọ sílé ọkọ. Mo rò pé yóò bú sẹ́kún, mo tilẹ̀ ti ń fún un láyè. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fọwọ́ kan èjìká àbúrò rẹ̀, ó ní kó dìde, aṣọ rẹ̀ á dọ̀tí. "Gbé ìyàwó mi yìí dé iléèwé. Ìdánwò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Tó o bá sọ ọ́ kalẹ̀ tán, kó o wá kí mi dáadáa."

Ó gbé e. Ọlọ́kadà Ìlobù gbé ìyàwó Ìfọ́n, ó sì wọ inú ìlú lọ bí ọfà. Ìgbà tí a kò gbọ́ ìró ọ̀kadà náà mọ́ ni ìyá náà tó fi etí hìjáàbù rẹ̀ nu ojú. Ó nù ún títí, a sì dúró tì í.

Nígbà tí àwa tó kù fi ẹsẹ̀ rìn dé ọgbà iléèwé, ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ti wà ní títì. Pirinsípà sáré pàdé mi. Ó ní ó ti wọlé. Ó ní obìnrin tó ń mójútó ìdánwò ti di ilẹ̀kùn mú nígbà tó gbọ́ ìró ọ̀kadà, pé ó wo aago, ó wo ọmọ náà tí eruku ọ̀nà wà ní gbogbo ara aṣọ rẹ̀, ó ní kó lọ fọ ojú kó tó jókòó. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ pẹ̀lú ariwo, ìyá náà gbé ìka kan sókè. Wọ́n dákẹ́. Ẹni tó bá mọ ẹgbẹ́ àsàlátù yóò mọ̀ pé lẹ́mọ́mù àgbà kò lè ṣe irú rẹ̀. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi gmẹlínà pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, wọn kò kọrin, wọn kò sọ̀rọ̀ sókè, títí ìdánwò fi parí. Ọmọ tó bá fẹ́ sunkún, wọ́n á gbé e kọjá ẹ̀yìn ọgbà. Láìpẹ́, àwọn obìnrin ilé bàbá ìyá náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti ẹnu géètì, ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ lórí, wọ́n ń kúnlẹ̀ láìsọ̀rọ̀, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn láìsọ̀rọ̀. Mo ti lọ síbi àpéjọ púpọ̀ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn pariwo ìrẹ́pọ̀. Èyí nìkan ni mo rí tí wọ́n ti ń ṣe é ní ìdákẹ́jẹ́, kí ẹnì kan lè rí àròkọ kọ.

Ní pápá n'Ífọ́n, mo gbọ́ pé aṣojú gómìnà sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin fún àga onírọ̀rí, fún àwọn èrò tí bọ́ọ̀sì kó wá, àti fún akọ̀wé, tó ń pàtẹ́wọ́ níbi tó bá yẹ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ náà dùn gan-an.

Nígbà tí èsì jáde, ìyàwó náà kò wá bá mi nìkan. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ wá, wọ́n sì gba ọ̀nà tààrà. Máàkì náà kì í ṣe èyí tí wọ́n máa ń gbé sára ògiri. Ó kàn jẹ́ èyí tí iléèwé nọ́ọ̀sì ń béèrè, kò lé, kò dín. Ìyá náà kò bi mí bóyá ó dára. Ó ní, "Ṣé ó tó?" Mo ní, "Ó tó, Ìyá." Ó mí kanlẹ̀, ó sì ní kí n bá àwọn wá omi tútù, òùngbẹ ti ń gbẹ òun láti Ìfọ́n.

Ọ̀nà yẹn ti tún tì lẹ́yìn ìgbà náà, ó sì ti tún ṣí. N kò ní purọ́ pé ìrìn àárọ̀ kan parí ìjà tó dàgbà ju gbogbo àwọn tó rìn ín lọ. Àwọn ọlọ́kadà ṣì ń sọ èrò kalẹ̀ síbi tí wọ́n ti ń sọ wọ́n kalẹ̀. Èmi náà ṣì ń sọ̀rọ̀ ní yàrá àwọn tíṣà, ìjọba kò sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n n kì í fi ọlidé Hijira sùn mọ́.

Ní èyí tó kọjá, mo lọ kí Ìyá. Mo bá a lórí àga lọ́dẹ̀dẹ̀, orúnkún kò jẹ́ kó lè bá wọn rìn mọ́, a sì ń gbọ́ orin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Mo kí i kú ọdún, mo béèrè ìyàwó. Ó ní kò sí nílé, pé ó ti wà ní ọsibítù láti àná, pé aboyún kan ló ń rọbí, àwọn nọ́ọ̀sì kì í sì í gba ọlidé. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń ròyìn ọmọ tó lọ sí Mẹ́kà. Ó tún un sọ, bóyá n kò gbọ́ ọ dáadáa: wọn kì í gba ọlidé. Mo jókòó tì í. Mo wá ohun tí mo lè fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọ̀rọ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi, mo sì wá a dáadáa, n kò rí i.